Ldap2 padà sí ọjọ́ mọ́kànlélógún sẹ́yìn: ṣé kí n pa dátábéésì rẹ̀ rẹ́, kí n tún un kọ láti ọ̀dọ̀ ldap1?

#1 (olùbéèrè)

Sáfà mẹ́ta ló wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, 389 Directory Server (ètò LDAP, ìyẹn ibi tí orúkọ àti páásíwọ̀dù àwọn òṣìṣẹ́ wà) ni gbogbo wọn ń lò. ldap1 àti ldap2 ń gba ìyípadà, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn. Replica ID wọn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ sáfà, jẹ́ 1 àti 2. Kíkà nìkan ni ldap3 wà fún, 65535 ni tirẹ̀, ldap1 nìkan ló sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i.

Dísíìkì ldap2 bàjẹ́ ní June 1, 2024. Ní June 2, a gbé e dìde láti inú ẹ̀dà ìpamọ́ May 12, a sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́gán. Láti ìgbà náà ni lọ́ọ̀gì ldap1 ti ń kọ èyí ṣáá:

`Can't locate CSN … in the changelog (DB rc=-30988). If replication stops, the consumer may need to be reinitialized.`

Àwọn ènìyàn ti ń yí páásíwọ̀dù wọn padà lórí ldap2 láti June 2. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe init (kí n fi gbogbo dátà ldap1 rọ́pò ti ldap2), kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹnìkan ní kí n da fódà dátábéésì nù kí n tún sáfà tàn, pé yóò fa gbogbo rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n fi cleanallruv, iṣẹ́ tó ń nu Replica ID kan kúrò lórí gbogbo sáfà, nu 2 kúrò. Èwo ni kí n ṣe?

---

#2

Ẹ má tíì ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ́kọ́ yọ ldap2 kúrò níbi tí àwọn oníṣẹ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe nínú DNS, ìbáà ṣe lórí load balancer. Bó bá ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ni ohun tí ẹ máa wá kó nílẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí lọ́ọ̀gì ń sọ kò ṣòro. Changelog ni ìwé tí sáfà ń kọ ìyípadà sí kó lè fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìyípadà kan bá ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo sáfà tó kù, tó sì ti lé ní ọjọ́ 7, bí ẹ kò bá yí iye ọjọ́ yẹn padà, ldap1 á gé e kúrò. Gbogbo ìyípadà oṣù May ló ti dé ọ̀dọ̀ ldap2 kí dísíìkì rẹ̀ tó bàjẹ́, nítorí náà ldap1 ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wá gbé ldap2 padà sí May 12, ó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ojú ìwé tí ldap1 ìbá ti kà fún un kò sì sí mọ́. Kò sí bí ojú ìwé yẹn ṣe máa padà wá. Init ló máa kẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá yín kò ṣì sọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń pe init ní àtúnṣe, ìparẹ́ sì ni. Kí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó wọlé láti ọ̀dọ̀ ldap1, ldap2 á ti kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tó wà lábẹ́ suffix náà (gbòǹgbò igi àkọsílẹ̀ yín, bíi `dc=example,dc=com`). Ohun tí àwọn ènìyàn kọ sórí ldap2 láti June 2 á bá a lọ, bẹ́ẹ̀ kò sì sí níbòmíràn. Ẹ wo RUV, àtòkọ ibi tí sáfà dé nínú ìyípadà Replica ID kọ̀ọ̀kan, fúnra yín:

`dsconf ldap1 replication get-ruv --suffix "dc=example,dc=com"`
`dsconf ldap2 replication get-ruv --suffix "dc=example,dc=com"`

Ẹ kọ Max CSN (nọ́ńbà ìyípadà tó gbẹ̀yìn) ti Replica ID 2 síbí láti ọ̀dọ̀ sáfà méjèèjì.

---

#3 (olùbéèrè)

Lórí ldap1: `665af3c0000000020000`
Lórí ldap2: `665f1a2b000000020000`

---

#4

Ìdáhùn ti wà nínú nọ́ńbà yẹn. Ogún àmì ló wà nínú CSN kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ jẹ́ àkókò, ìṣẹ́jú-àáyá láti ọdún 1970, tí a kọ ní hexadecimal. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ń to àwọn ìyípadà tó bọ́ sí ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Mẹ́rin tó tún tẹ̀ lé e ni Replica ID, ẹ rí 0002 níbẹ̀. Mẹ́rin ìkẹyìn fún apá inú iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Bash lè tú u:

`date -u -d @$((16#665af3c0))` á fún yín ní June 1, 2024, aago 10:11:12 UTC.
`date -u -d @$((16#665f1a2b))` á fún yín ní June 4, aago 13:44:11 UTC. Ní Nàìjíríà, aago méjì ọ̀sán ti kọjá ìṣẹ́jú 44 nígbà yẹn.

Ohun tí ldap1 mọ̀ nípa ldap2 parí sí June 1. Ohun tí ldap2 mọ̀ nípa ara rẹ̀ dé June 4. Gbogbo ohun tó wà láàárín ìgbà tí ẹ gbé e dìde àti June 4 wà lórí ldap2 nìkan. Kò sì lè fi ránṣẹ́, nítorí nígbà tí ldap1 bá sọ fún un pé "June 1 ni mo dé lọ́dọ̀ rẹ", á wá ibi tí June 1 wà nínú changelog tirẹ̀, kò sì ní rí i, May 12 ni ìwé tirẹ̀ ti já. Àwọn méjèèjì di kùrukùru síra wọn.

Bó bá jẹ́ pé CSN 2 lórí ldap2 kéré sí ti ldap1 tàbí wọ́n dọ́gba ni, ẹ̀ bá lè ṣe init lójú ẹsẹ̀ láìkó nǹkan kan. Àfiwé yìí gba ìṣẹ́jú méjì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fò.

---

#5

Mo rò pé ẹ ń sọ kékeré di ńlá. Ọjọ́ méjì péré ni. Ẹ ṣe init, ẹ fi ìfiránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹni tí páásíwọ̀dù tuntun rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ kó tún un yí. Wákàtí kan, ó ti tán. Ẹni tó bá ní kí òun kọ́kọ́ yọ ìyípadà lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú bá a.

---

#6

Bó bá ṣe páásíwọ̀dù nìkan ni, n bá gbà. Ẹni tí páásíwọ̀dù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ á pariwo. Ohun tí kì í pariwo ló ń dẹ́rù bani. Ká ní wọ́n ti orúkọ òṣìṣẹ́ kan pa ní June 3 torí pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí `nsAccountLock: true` yẹn sì bọ́ sórí ldap2. Init á ṣí ilẹ̀kùn padà fún un, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó, tàbí àkọsílẹ̀ tí wọ́n parẹ́ pátápátá. Gbogbo wọn á jí dìde.

Kíkó wọn jáde kò tó bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà odidi, kó lè wà níbẹ̀ bí ohun kan bá fò yín:

`dsctl ldap2 stop`
`dsctl ldap2 db2ldif --replication userroot /var/lib/dirsrv/slapd-ldap2/ldif/ldap2-atijo.ldif`
`dsctl ldap2 start`

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tó yí padà láti ọjọ́ tí ẹ gbé e dìde:

`ldapsearch -x -H ldap://ldap2 -D "cn=Directory Manager" -W -b "dc=example,dc=com" "(modifyTimestamp>=20240602000000Z)" "*" nsAccountLock modifyTimestamp modifiersName`

Ẹ kọ `nsAccountLock` ní tààrà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àmì `"*"` kì í mú un jáde. Ohun tí wọ́n parẹ́ kò ní hàn nínú ìwádìí yẹn rárá. Ẹ fi `(objectClass=nsTombstone)` wá wọn lọ́tọ̀, kí ẹ sì béèrè `nsTombstoneCSN` pẹ̀lú. Àmì mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ á sọ ọjọ́ tí wọ́n pa á rẹ́.

Ẹ wá fi `ldapmodify` kọ wọn sórí ldap1 ní orúkọ Directory Manager, alábòójútó àgbà sáfà. Páásíwọ̀dù tí sáfà ti sọ di hash (àmì tí a kò lè kà padà), ẹ kó o bó ṣe rí. Directory Manager lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ lásán kò lè ṣe é. Lórí ldap1, ìyípadà kọ̀ọ̀kan á gba CSN tuntun tó jẹ́ ti Replica ID 1, á sì dé ldap3 láìsí wàhálà.

Ibi kan wà tó nílò ojú ènìyàn: àkọsílẹ̀ tí wọ́n yí padà níhà méjèèjì lẹ́yìn June 2. Ẹ má fi script kọ irú wọn mọ́lẹ̀. Ẹ wo `modifyTimestamp` àti `modifiersName` níhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yàn.

---

#7

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹni tó ní kí a da fódà nù. Ọ̀dọ̀ OpenLDAP, ètò LDAP mìíràn, ló ti kọ́ ìyẹn. Níbẹ̀, sáfà tó ń gbà ló ń fà: syncrepl, ohun tó fi ń fà, wà nínú ètò tirẹ̀. Bí ẹ bá pa slapd (sáfà OpenLDAP fúnra rẹ̀), tí ẹ gbé `data.mdb` àti `lock.mdb` kúrò, tí ẹ tún un tàn, á rí i pé ọwọ́ òun ṣófo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi `slapd -c rid=001` fi ipá mú un láìda nǹkan kan nù. Rid nìkan láìsí csn túmọ̀ sí kó fà gbogbo rẹ̀ pátá.

389 kì í fà, títì ni wọ́n ń tì í. Àdéhùn ìfiránṣẹ́ wà lórí ldap1, ldap2 kò sì ní ohun tí yóò fi sọ pé kí wọ́n fún òun. Ẹ da fódà rẹ̀ nù, á jókòó síbẹ̀ lófo. Èyí tó tún burú ni pé lábẹ́ Berkeley DB, fódà `userroot` ní í ṣe pẹ̀lú ìwé transaction tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi `rm` yọ ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ á tan sáfà tí kò ní dìde. Ní àwọn ẹ̀yà tuntun tó ń lo LMDB, inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo backend (dátábéésì suffix kọ̀ọ̀kan) wà. Suffix kan lẹ fẹ́ pa rẹ́, gbogbo wọn lẹ máa gbé lọ.

Ẹ má gbé ìṣe sáfà kan bọ èkejì lọ́rùn.

Fún àwọn tó ń lo OpenLDAP tó bá tóbi: ẹ ṣe `slapcat` lórí èyí tó péye, ẹ ṣe `slapadd -q` lórí èyí tó bàjẹ́ nígbà tí slapd kò ṣiṣẹ́. `contextCSN`, `entryCSN` àti `entryUUID` wà nínú fáìlì yẹn, nítorí náà á mọ ibi tó dé. Bí ẹ bá ṣe é ní root, ẹ `chown` àwọn fáìlì náà padà fún `openldap` lórí Debian àti Ubuntu, tàbí `ldap` lórí ìdílé Red Hat. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, slapd kò ní lè ṣí wọn.

---

#8 (olùbéèrè)

Mo ti kó àwọn ìyípadà náà sórí ldap1: páásíwọ̀dù mọ́kànlélógójì, orúkọ méjì tí wọ́n tì pa, àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n parẹ́. Ẹ ṣé gan-an, èmi ìbá ti fò wọ́n.

Ṣùgbọ́n mo ti ṣe nǹkan kan ṣì. Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó so méjèèjì pọ̀ ń já, nítorí náà mo yan fáìlì dípò init orí ìlà. Mo ṣe `dsctl ldap1 db2ldif userroot`, mo gbé fáìlì náà lọ, mo ṣe `ldif2db` lórí ldap2. Ó wọlé dáadáa, gbogbo àkọsílẹ̀ pé. Ohun tí ldap1 ń sọ báyìí ni:

`The remote replica has a different database generation ID than the local database. You may have to reinitialize the remote replica, or the local replica.`

---

#9

`--replication` lẹ gbàgbé. Láìsí i, àkọsílẹ̀ nìkan ni fáìlì náà ń kó; RUV kò bá a lọ, tombstone (ohun tó ṣẹ́kù lára àkọsílẹ̀ tí wọ́n parẹ́) kò bá a lọ, CSN tó wà lára attribute kọ̀ọ̀kan kò bá a lọ. Nígbà tí ldap2 rí fáìlì tí kò ní RUV, ó dá ìran (generation ID) tuntun sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn inú ilé jọ ara wọn, ìdílé ti yàtọ̀. ldap1 kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i láéláé bó bá wà bẹ́ẹ̀, ohun tó tọ́ ló sì ń ṣe.

Ẹ ka ìlà ìkẹyìn yẹn dáadáa: "or the local replica". Ibẹ̀ ni jàǹbá wà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e láìronú á fi ti ldap2 bo ldap1, ìran ldap1 á yí padà, ldap3 tó wà ní àlàáfíà á sì tún ya kúrò. Ẹ má fi ọwọ́ kan ldap1.

Ẹ tún fáìlì náà ṣe lórí ldap1:

`dsctl ldap1 stop`
`dsctl ldap1 db2ldif --replication userroot /var/lib/dirsrv/slapd-ldap1/ldif/ldap1.ldif`
`dsctl ldap1 start`

Bí ẹ kò bá fẹ́ pa ldap1 rárá, `dsconf ldap1 backend export` ń ṣe é nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣàyàn ìfiránṣẹ́ yẹn ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

`grep -i -m1 nsds50ruv ldap1.ldif`

Bí kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ má gbé fáìlì yẹn rìn. Ẹ lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n pẹ̀lú: fáìlì tó tọ́ ní àwọn orúkọ bíi `cn;vucsn-665af3c0000000020000` nínú, àti àkọsílẹ̀ kan tí nsuniqueid rẹ̀ jẹ́ kìkì f.

Lórí ldap2, ẹ pa á, ẹ ṣe `dsctl ldap2 ldif2db userroot` pẹ̀lú fáìlì tuntun náà, ẹ tàn án. Replica ID 2 inú `dse.ldif` kò ní yí padà. Ètò sáfà kì í wà nínú LDIF, fáìlì àkọsílẹ̀ tí a kó jáde láti suffix. Lẹ́yìn tó bá ti tàn, lọ́ọ̀gì ldap2 á sọ pé dátà ti yí, kò bá changelog mu mọ́, òun sì ń dá changelog mìíràn. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tí ldap2 rẹ̀ ń bọ́ sáfà mìíràn nísàlẹ̀ ló yẹ kó lọ wò bóyá àwọn yẹn ń gba nǹkan síbẹ̀, torí changelog tuntun kò rántí àná.

---

#10

Ọ̀rọ̀ fáìlì tàbí orí ìlà yìí, àríyànjiyàn ọdúnmọ́dún ni. Ọ̀pọ̀ gbà pé orí ìlà ló dára jù torí àṣẹ kan ṣoṣo ni:

`dsconf ldap1 repl-agmt init --suffix "dc=example,dc=com" ldap1-si-ldap2`
`dsconf ldap1 repl-agmt init-status --suffix "dc=example,dc=com" ldap1-si-ldap2`

Fún dátábéésì tó kéré, tí ìlà sì dúró ṣinṣin, mo gbà. Kò sí fáìlì tó ń rìn káàkiri pẹ̀lú páásíwọ̀dù gbogbo ènìyàn nínú. Kò sí `--replication` tí ẹnikẹ́ni máa gbàgbé.

Ṣùgbọ́n níbi tí ìlà ti ń já, ọ̀ràn ni. ldap2 ti nu ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Bí ìlà bá já ní ìdajì, kò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdajì yẹn lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Fáìlì lè já nígbà mẹ́wàá lójú ọ̀nà, kí rsync máa bá a lọ láti ibi tó dúró, nígbà tí ldap2 àtijọ́ ṣì wà lódidi.

Olùbéèrè yan dáadáa fún irú ìlà tó ní, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí fún ìyẹn. Ohun mẹ́ta péré lórí fáìlì: ẹ lo scp tàbí rsync lórí ssh, kí ẹ `chmod 600` rẹ̀, kí ẹ sì pa á rẹ́ ní ibi méjèèjì bó bá tán. Ẹ kó o wọlé lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ṣe é, torí bó bá pẹ́ ju ọjọ́ 7 changelog lọ, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí. Kí ẹni tó ni fáìlì náà jẹ́ `dirsrv`.

Ẹ má sì gbé e sí `/tmp` bí ẹ bá fẹ́ fi `dsconf backend import` kó o wọlé. Systemd fún sáfà ní `/tmp` tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀yin ń rí fáìlì náà, sáfà kò rí i, á sì sọ pé kò sí.

---

#11

Àfikún fún ẹni tó bá yan orí ìlà tí init rẹ̀ ń kú ní ibì kan náà ní gbogbo ìgbà. Bó bá ń já ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlà ni. Bó bá jẹ́ ojú kan náà, ẹ wá àkọsílẹ̀ tó tóbi jù: ẹgbẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́, tàbí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wúwo. `nsslapd-maxbersize` lórí sáfà tó ń gbà jẹ́ 2097152 bytes bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ìyẹn 2 MB. Àkọsílẹ̀ tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, sáfà á pa ìsopọ̀ náà dé. ldap2 ni kí ẹ ti gbé e sókè, kì í ṣe ldap1.

Bí lọ́ọ̀gì bá ń sọ pé òun dúró 2000 msec fún consumer (sáfà tó ń gbà), ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. ldap1 rí i pé ldap2 kò lè gbé e mì kíákíá, ó ń fún un láyè ni. Bí ó bá wá pọ̀ jù, dísíìkì ldap2 ló yẹ kí ẹ wò.

Ti memberOf, attribute tó ń sọ ẹgbẹ́ tí ènìyàn wà, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ti yọ memberOf kúrò nínú ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú `nsDS5ReplicatedAttributeList`, kí sáfà kọ̀ọ̀kan lè ṣírò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àtòkọ yẹn nìkan ló wà, ó kan init pẹ̀lú. Bí `nsDS5ReplicatedAttributeListTotal` bá wà pẹ̀lú rẹ̀, òun ló ń darí init. Nítorí náà memberOf á rìn pẹ̀lú init kìkì bí ẹ bá kọ èkejì yìí láìfi memberOf sínú rẹ̀. Ẹni tí memberOf rẹ̀ kò bá bá init rìn gbọ́dọ̀ ṣe èyí lẹ́yìn init, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn á wà láìsí ẹgbẹ́:

`dsconf ldap2 plugin memberof fixup "dc=example,dc=com"`

---

#12

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìmọ̀ràn kẹta, ti cleanallruv. Fún nọ́ńbà tó ti kú ni, sáfà tí ẹ ti yọ kúrò pátápátá tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú RUV àwọn yòókù. Nọ́ńbà 2 kò kú, ldap2 ṣì ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fi cleanallruv lé e, gbogbo sáfà á gbàgbé ohun tí 2 ti ṣe, á sì kọ̀ láti gba ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ. Wàhálà kejì ni yóò bí.

Àwọn kan gbà pé sáfà tó bá ti inú ẹ̀dà ìpamọ́ jáde kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ mọ́: kí a fún un ní tuntun, bíi 12, kí a fi cleanallruv nu 2. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Láàárín ìgbà tí ldap2 jí dìde àti ìgbà tí ẹ ṣe init, nọ́ńbà 2 ní ìtàn méjì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ìtàn kejì kò jáde kúrò lórí ldap2 rí. Max CSN orí ldap1 fi hàn pé kò dé ibẹ̀, ldap3 kò sì ń gba nǹkan lọ́wọ́ ldap2. Init pẹ̀lú RUV ldap1 ti pa ìtàn yẹn rẹ́. Nọ́ńbà tuntun á pọn dandan ká ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ti jáde.

---

#13

Ṣé bákan náà ló rí fún FreeIPA, ètò tó ń ṣàkóso orúkọ àwọn oníṣẹ́? 389 ni mo mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀.

---

#14

389 náà ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ dúró sí. `dsconf … repl-agmt init`, orí sáfà tó ní òtítọ́ lẹ ti ń pàṣẹ rẹ̀. Ti FreeIPA, orí sáfà tó bàjẹ́ ni:

`ipa-replica-manage re-initialize --from=ipa1.example.com`

Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti dúró sórí sáfà tó péye, tó wá tẹ èyí níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ èyí tó bàjẹ́, á fi ìbàjẹ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ka `--from` bíi "kó o wá láti". Suffix àwọn ìwé ẹ̀rí, `o=ipaca`, kò sí nínú rẹ̀; `ipa-csreplica-manage re-initialize --from=` ni tirẹ̀.

---

#15

Kí okùn yìí má baà kọ́ ẹnikẹ́ni láti máa sáré ṣe init: ọ̀pọ̀ ìdádúró kò nílò rẹ̀. `Replica busy`, ẹ dúró, sáfà mìíràn ló ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Error 49, páásíwọ̀dù replication manager ló ti yí tàbí tó ti kọjá àkókò. Error -1, ìlà tàbí ìwé ẹ̀rí TLS tó ti parí. Ẹ tún ìyẹn ṣe, changelog á máa bá a lọ fúnra rẹ̀.

`Excessive clock skew` ló yàtọ̀, torí init lásán lè mú un burú sí i. Aago sáfà kan ti fò síwájú ju ọjọ́ kan lọ, 86400 ìṣẹ́jú-àáyá, CSN ọjọ́ iwájú sì ti wọ inú RUV. Bí ẹ bá ṣe init láti ibẹ̀, ẹ ń pín àrùn náà ni. Níbẹ̀ nìkan ni fáìlì tí kò ní `--replication` ti wúlò: ẹ tún aago ṣe, ẹ kó dátà jáde láìsí RUV lórí ọ̀kan, ẹ yọ `nsState` (ibi tí sáfà ń pa aago CSN rẹ̀ mọ́) kúrò nínú `dse.ldif` nígbà tí sáfà kò ṣiṣẹ́, ẹ kó o wọlé padà, kí ẹ wá ṣe init fún gbogbo àwọn yòókù láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìran tuntun lẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń dá sílẹ̀ nígbà yẹn.

---

#16 (olùbéèrè)

Grep rí nsds50ruv. Mo ti kó o wọlé. Generation ID ti bára mu, lọ́ọ̀gì sì ti dákẹ́. Ṣé kí n dá ldap2 padà sẹ́nu iṣẹ́?

---

#17

Ó ku díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ lọ́ọ̀gì kò tó. Ẹ wo `dsconf ldap1 repl-agmt status` fún àdéhùn tó lọ sí ldap2, ẹ sì wo ti ldap2 tó ń bọ̀ wá sí ldap1, torí ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan lè ṣí kí èkejì wà ní títì. Ẹ kọ nǹkan kékeré kan sórí ldap2, bíi `description` lára àkọsílẹ̀ ìdánwò, kí ẹ sì wá a lórí ldap1, lẹ́yìn náà lórí ldap3. Ẹ kọ òmíràn sórí ldap1, kí ẹ wá a lórí ldap2. Ẹ pe RUV lẹ́ẹ̀kan sí i: Max CSN 2 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òní, ó sì gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ ṣe ds-replcheck bí ẹ bá láyè, òun ló máa sọ bí àkọsílẹ̀ kan bá yàtọ̀ síbì kan:

`ds-replcheck online -D "cn=Directory Manager" -W -m ldap://ldap1:389 -r ldap://ldap2:389 -b "dc=example,dc=com"`

Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ dá a padà sí load balancer. Ẹ tọ́jú `ldap2-atijo.ldif` síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá ẹnìkan á ṣì wá sọ pé ohun tí òun yí padà ní June 3 kò sí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ `shred` rẹ̀.